Owó Tí Ẹ̀fúùfù Ń Gbé Lọ ní Ojú Ẹlẹ́gbà

Ẹni tí ó bá dúró sí abẹ́ afárá Ojú Ẹlẹ́gbà nígbà tí iná bá lọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Láti ọ̀nà Ìtirè títí dé apá Tejuosho, àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí aráàlú sọ lórúkọ "I better pass my neighbour" yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́kọ̀ọ̀kan: ti onígbàjámọ̀, ti aránṣọ, ti ẹni tí ó ń tẹ ìwé, ti obìnrin tí ó ń ta omi tútù, títí ariwo wọn yóò fi bo ohùn àwọn kọndọ́kítọ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti di ohun ìgbàgbé, ariwo yẹn ti di ariwo owó. Lítà epo tí kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ti di ₦488 ní Èkó kí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún tó parí, kò sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná, NERC, tún gbé owó iná fún àwọn tí ó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀.

Ìlú tí ebi iná bá ń pa, oríṣiríṣi oúnjẹ ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ ẹ̀fúùfù kékeré fún ilé: abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí òpó irin, tàbí irú èyí tí ó nàró gbọọrọ bí agbọ̀n, tí wọn yóò dè mọ́ orí òrùlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ dùn létí. Ẹ̀fúùfù kò ní mítà, kì í gba owó oṣù. Oòrùn a máa wọ̀ ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í sùn. Èkó sì wà létí òkun, ibo ni ẹ̀fúùfù tún kù sí? Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tọ́ka sí ohun tí a kọ sára páálí ẹ̀rọ náà: wáàtì 500, wáàtì 1,000. Irọ́ pátápátá kọ́ ni wọ́n ń pa. Ìdajì òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, ìdajì tí wọn kò sọ ni ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Wáàtì 500 nínú ẹ̀fúùfù wo? Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí oníbàárà béèrè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a fún ní nọ́ńbà wọn nínú ẹ̀fúùfù tí ó ń sáré mítà 11 tàbí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń mi ewé lásán. Ẹ̀ka igi ńlá ni ó ń mì, agbòòrùn a sì fẹ́ já gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ìgbà tí òjò ńlá bá ṣú ni irú rẹ̀ ń wá, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ títì yóò máa sáré kó ọjà wọlé. Ní ọjọ́ tí kò sí ìjì, atẹ́gùn tí ó ń dé orí òrùlé láàárín ìlú kì í sábà ju mítà 2 sí mítà 4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ń wá fáànù tí yóò fẹ́ sí ọmọ lára.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè sọ pé kò burú. Bí ẹ̀fúùfù bá já sí ìdá kan nínú mẹ́rin, iná náà yóò já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Wáàtì 500 yóò di 125, ìyẹn ṣì lè yí fáànù méjì. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ọjà fara pamọ́ sí. Agbára ẹ̀fúùfù kì í bá eré rẹ̀ rìn ní ìgbésẹ̀ kan náà. Ẹ̀fúùfù tí ó yára ń gbá abẹ̀bẹ̀ kíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń gba ojú abẹ̀bẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára di ìlọ́po 27. Bí ó ṣe ń gòkè bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń já wálẹ̀. Láti mítà 12 sí mítà 3, eré dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n agbára dín kù sí ìdá kan nínú 64. Ẹ pín wáàtì 500 sí ọ̀nà 64: kò pé wáàtì 8. Gílóòbù LED kan ṣoṣo ni.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọgbọ́n ìṣirò ni a fi ń dá a láàmú, ẹ jẹ́ kí a gba ẹ̀yìn wò ó. Abẹ̀bẹ̀ tí ìdábùú àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà kan àbọ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ni ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń pè ní wáàtì 500. Gbogbo agbára tí ó wà nínú ẹ̀fúùfù mítà 3 tí ó ń gba àárín àyíká yẹn kọjá kò pé wáàtì 30. Gbogbo rẹ̀ ni o, kí ẹ̀rọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Albert Betz, onímọ̀ ará Jámánì, sì ti fi hàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé kò sí abẹ̀bẹ̀ tí ènìyàn lè gbẹ́ tí yóò gbà ju 59 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀fúùfù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ti ilé kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n ṣe dáadáa. Ìdá kan nínú mẹ́rin 30 náà kò pé wáàtì 8. Ọ̀nà méjì ni a gbà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni a já sí.

Ó yẹ kí a ṣe oore fún ẹni tí a ń bá jà. Ẹ̀fúùfù kì í dúró sójú kan; àwọn wákàtí kan wà tí ó ń lágbára ju mítà 3 lọ, àwọn wákàtí wọ̀nyẹn sì ni iná ń pọ̀ jù. Kí a wá sọ wáàtì 7 di ìlọ́po méjì nítorí wọn. Wáàtì 14, tọ̀sán-tòru, ọdún kan gbáko, láìsí ìsinmi, láìsí ìbàjẹ́. Èyí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta yúnìtì kan lójúmọ́, ó sì jẹ́ yúnìtì 123 lọ́dún. Ní iye ₦209.50 tí wọ́n gba fún yúnìtì kan ní Band A ní àárín ọdún 2024, iná tí ẹ̀rọ náà yóò mú wá láàárín oṣù méjìlá kò pé ₦26,000. Bátìrì kò sì tíì bù tirẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n ti fún ní ìwé ìnáwó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ, òpó irin, wáyà, bátìrì, owó oníṣẹ́, kí ó fi ₦26,000 pín in. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ₦800,000, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí owó yẹn tó padà wálé. Bátìrì wo ni yóò lo ọgbọ̀n ọdún? Láti ìgbà tí Dọ́là ti kúrò ní nǹkan bí ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ó sì kọjá ₦1,500 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí a ń kó wọlé láti òkè òkun kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé rà mọ́.

Gbogbo èyí wà lórí pé ẹ̀fúùfù náà dé ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà. Ojú Ẹlẹ́gbà gba orúkọ rẹ̀ lára ojúbọ Ẹlẹ́gbára, oríta ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wàhálà ọkọ̀ tí ń dojú kọ ara wọn níbẹ̀ sì wà nínú "Confusion" tí Fẹlá gbé jáde ní 1975. Ẹ̀fúùfù náà kò bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn. Ó ń bọ̀ láti ìhà òkun, ó forí sọ ilé alájà méjì, ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ṣẹ́rí sára táǹkì omi orí òrùlé, ó kọ lu pátákó ìpolówó ọjà, ó yí po lábẹ́ afárá, ó sì dé ibi tí ó ń lọ ní àrẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tí ó bá wà nínú irú rẹ̀ yóò máa wá ojú ẹ̀fúùfù kiri bí ẹni tí ó sọnù ní ọjà. Yóò yí lọ síhìn-ín, yóò yí lọ sọ́hùn-ún, irin rẹ̀ yóò máa jẹ, iná kò sì ní jáde. Ìlànà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń lò ni pé kí abẹ̀bẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 30 ga ju ohunkóhun tí ó wà ní àyíká rẹ̀ lọ, títí dé ẹsẹ̀ bàtà 500 ní gbogbo ìhà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìtirè yóò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ bàtà 500 láti orí òrùlé kan níbẹ̀, ilé mélòó ni? Òpó tí yóò ga jù wọ́n lọ ń fẹ́ okùn irin tí a óò nà kí a sì rì mọ́lẹ̀ ní ìhà mẹ́ta. Nínú ọgbà ta ni wọn yóò ti rì í?

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀fúùfù ọkọ̀ tí ó ń sáré lórí afárá yóò máa yí abẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń sáré lórí afárá wo? Kí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ wọ dáńfó gba ibẹ̀ kọjá ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Nítorí pé òpó gíga kò ṣeé ṣe, orí òrùlé ni wọ́n ń gbé e sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kúrò ní ti owó nìkan. Ẹ̀rọ tí ń yí a máa gbọ̀n, ìgbọ̀n rẹ̀ a sì máa wọ inú ògiri lọ. Ní ọjọ́ tí ìjì bá jà, ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún tàbí nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀fúùfù tí abẹ̀bẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ yìí yóò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ tu pẹ̀lú páànù. Ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé tí ó yí oríta náà ká. Èkó kò tíì gbàgbé ilé tí ó wó lu àwọn ọmọ iléèwé ní Ìta Fájì ní oṣù kẹta ọdún 2019. Kò sí ẹni tí ó sọ pé abẹ̀bẹ̀ ni ó wó o. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí ilé ń wó láìsí ẹ̀fúùfù kò gbọdọ̀ máa de ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n mọ́ orí ògiri tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ayálégbé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún. Bí òrùlé onílé bá ya, ọ̀dọ̀ ayálégbé ni ìwé yóò wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta ẹ̀rọ.

Ẹni tí ó bá rò pé àwọn aláìlówó nìkan ni wọ́n ń fi èyí tàn jẹ, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀fúùfù rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ti Èkó. Ní 2006, ilé ìtajà ńlá B&Q bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ẹ̀fúùfù orí òrùlé tí ilé-iṣẹ́ Windsave ṣe, ní iye pọ́n-ùn 1,498. David Cameron tí ó ń darí ẹgbẹ́ alátakò nígbà náà, tí ó padà di olórí ìjọba, gbé abẹ̀bẹ̀ kékeré sórí ilé tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá so mítà mọ́ ẹ̀rọ 26 lára ilé káàkiri ibẹ̀ láàárín 2007 sí 2009, nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Warwick Wind Trials, ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń mú wá lójúmọ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún yúnìtì kan lọ. Bí a bá fi wé ohun tí nọ́ńbà ara páálí ṣèlérí, kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ iná ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, nítorí àpótí tí ń yí iná padà ń jẹ iná lára ilé ní gbogbo ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ bá dúró. Ní 2009, B&Q kó o kúrò lórí igbá, Windsave sì wọgbèsè. Atẹ́gùn ti fẹ́ ní ọ̀dọ̀ wọn, a sì ti rí fùrọ̀ adìẹ. Kí ni ó dé tí a óò tún máa san owó láti wò ó lẹ́ẹ̀kejì ní Sùúrùlérè?

Wọn yóò dá a lóhùn pẹ̀lú William Kamkwamba, ọmọ Màláwì tí ó fi ahámọ́ irin, dínámò kẹ̀kẹ́ àti igi gọ́ọ̀mù kan ẹ̀rọ ẹ̀fúùfù ní abúlé rẹ̀ nígbà tí ìyàn lé e kúrò ní iléèwé, tí wọ́n sì fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù ní 2019. Ìtàn gidi ni, ó sì yẹ ní oríyìn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn mú wá? Wáàtì 12, gílóòbù kéékèèké mẹ́rin, ní pápá gbalaja tí kò sí ilé tí ó dí i lọ́nà, lórí òpó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì, pẹ̀lú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kó dànù. Kò fi owó ilé rà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́; ìyẹn kì í ṣe ọjà tí a ń bá jà.

Àríyànjiyàn wọn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ ni ti oṣù keje àti ìkẹjọ. Òótọ́ ni pé ní àkókò yẹn ìkùukùu ń bo oòrùn Èkó, atẹ́gùn láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn sì ń lágbára ju ti àwọn oṣù yòókù lọ. Ṣé kò yẹ kí ẹ̀fúùfù gba ipò oòrùn nígbà náà? Kí a fún un ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tọ̀sán-tòru, èyí tí òrùlé àárín ìlú kì í rí. Ẹ̀rọ tí a ti ń bá bọ̀ yóò mú nǹkan bí wáàtì 33 wá, kò pé yúnìtì kan lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan ṣoṣo tí ó jẹ́ wáàtì 400, bí oòrùn rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ lábẹ́ ìkùukùu, yóò mú yúnìtì kan wá. Nínú oṣù tí ó dára fún ẹ̀fúùfù jù, tí ó sì burú fún oòrùn jù, oòrùn kò jìyà. Ní àwọn oṣù yòókù, pánẹ́ẹ̀lì kan náà yóò máa mú yúnìtì kan àti díẹ̀ wá lójúmọ́, ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti abẹ̀bẹ̀, láìsí ohun tí ó ń yí, láìsí ohun tí ó ń jẹ. Iṣẹ́ tí ó ń fẹ́ kò ju kí ènìyàn fi omi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ń bá ẹ̀fúùfù ṣọ̀tá. Ní Taiba Ndiaye ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, abẹ̀bẹ̀ ńlá 46 ń mú iná tí ó ju mẹ́gáwáàtì 150 lọ wá. Ní Turkana ní Kẹ́ńyà, 365 ni wọ́n, mẹ́gáwáàtì 310. Pápá gbalaja ni wọ́n wà, níbi tí ẹ̀fúùfù kì í gbàgbé láti wá. Ti Sẹ̀nẹ̀gà sì ga ju mítà 100 lọ sókè. Nàìjíríà náà gbìyànjú ní Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, abẹ̀bẹ̀ 37 fún mẹ́gáwáàtì 10. Iṣẹ́ náà fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ajínigbé sì gbé onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Ọ̀rọ̀ ti Katsina ń fẹ́ ojú ìwé tirẹ̀. Ohun tí ó kan Ojú Ẹlẹ́gbà níbẹ̀ ni pé gíga àti gbàgede ni ẹ̀fúùfù ń béèrè, méjèèjì ni òrùlé Sùúrùlérè kò sì ní.

Níbo wá ni ìjọba wà? Ní Amẹ́ríkà, láti 2009 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀fúùfù fúnra wọn ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí ẹ̀rọ kékeré tí ó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí sọ agbára rẹ̀ nínú ẹ̀fúùfù mítà 11, kí gbogbo ènìyàn lè fi ọ̀kan wé èkejì, kí ó sì tún sọ iye yúnìtì tí yóò mú wá lọ́dún níbi tí ẹ̀fúùfù bá jẹ́ mítà 5. Nàìjíríà ní àjọ tí ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, SON. Ó ní àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC. Láti ìgbà tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti buwọ́ lu òfin iná mànàmáná ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Èkó náà ní àjọ tirẹ̀ tí yóò máa ṣàkóso iná. Àjọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan péré ni a ń béèrè lọ́wọ́ wọn: kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀rọ ẹ̀fúùfù fún ilé ní ìpínlẹ̀ yìí láìkọ ọ́ sára páálí, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, iye yúnìtì tí yóò mú wá lójúmọ́ nínú ẹ̀fúùfù mítà 3. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba kankan bá sì fi owó aráàlú ra irú rẹ̀ fún iléèwé tàbí ilé ìwòsàn, kí ó gbé nọ́ńbà mítà rẹ̀ jáde ní oṣooṣù.

Títí ìyẹn yóò fi dé, oníbàárà ní ohun ìjà kan. Kí ó sọ fún ẹni tí ó ń polówó pé kí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó so mítà mọ́ ọn, kí ó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kí ó sì lẹ nọ́ńbà náà mọ́ ojú ilẹ̀kùn níbi tí gbogbo ẹni tí ó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú dáńfó ti lè kà á.